Àwọn Onílé Inú Ẹ̀dọ̀ Àti Iṣẹ́ Wọn Nígbà Tí Ara Bá Fara Pa

Bí ẹ bá bi àwọn àgbà tó gbọ́njú ní Nàìjíríà kí ìlú tó gba òmìnira, wọn yóò sọ ìtàn M&B fún yín. Bí òtútù àyà bá mú ọmọ, tí ikọ́ ò jẹ́ kó sùn, hóró oògùn tí wọ́n tẹ lẹ́tà méjì yẹn sí lára ni wọ́n ń wá kiri. Dagenham ni oògùn náà ti wá, níhà ìlà-oòrùn London, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ-ọmọ wọn fi ṣe ilé lónìí. Ilé-iṣẹ́ May & Baker kó dé ibẹ̀ ní 1934. Ní 1938 ni oògùn tí wọ́n ń pè ní M&B 693 jáde, òun náà sì ni àwọn dókítà fún Winston Churchill nígbà tí òtútù àyà dá a wólẹ̀ ní Àríwá Áfíríkà ní oṣù Kejìlá 1943. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹsàn-án 1944, ilé-iṣẹ́ yìí dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ti Dagenham ti kógbá sílé. Ọwọ́ Sanofi ló wà nígbà tí wọ́n tì í pa ní 2013. Ṣùgbọ́n orúkọ M&B ṣì wà lára páálí paracetamol ní Èkó àti Ìbàdàn, àwọn kan sì máa ń kó o sínú àpótí wá sí London pẹ̀lú gàrí àti èlùbọ́. Agbára káká la fi máa rí ilé Yorùbá ní àdúgbò wa, ní Becontree tàbí Barking Riverside, tí kò ní paracetamol nílé, yálà tibí ni o, tọ̀hún ni o. Paracetamol yìí ni mo fẹ́ gùn lé wọ inú ọ̀rọ̀ tòní, torí òun ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣe nígbà tó bá fara pa.

Ara tó bá fara pa máa ń wú. Ẹ̀gún gún ni lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ pọ́n, ó wú, ó gbóná, ó ń ta ni. Wíwú kan náà ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀, àfi pé ojú wa ò tó o. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé wíwú ni ọ̀tá, pé ohun tó kàn ni ká wá nǹkan pa á. Ẹ̀rí tí mo fẹ́ kó síwájú yín kò fara mọ́ èyí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dá wíwú sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ náà ló ń tún ẹ̀dọ̀ ṣe, ẹ̀dọ̀ sì máa ń yá bí ohun tó pa á lára bá dáwọ́ dúró. Ìfarapa tí kò dáwọ́ dúró ló ń sọ ẹ̀dọ̀ di àkísà.

Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bíi kílò kan àti ààbọ̀, abẹ́ ìhà ọ̀tún ló sì wà. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ tó tó lítà kan àti ààbọ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ yìí kò ti ọkàn wá tààrà. Ọ̀dọ̀ ìfun ló ti ń bọ̀. Ṣúgà inú búrẹ́dì, ọtí, oògùn, àti bakitéríà tó bá rí àyè yọ́ gba ara ìfun kọjá, ẹ̀dọ̀ ni gbogbo wọn ń kọ́kọ́ kàn.

Ìdí nìyẹn tí sẹ́ẹ̀lì ààbò fi pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni sẹ́ẹ̀lì Kupffer. Macrophage ni wọ́n, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ńlá tí ń gbé kòkòrò àti pàǹtí mì. Bí a bá kó gbogbo macrophage tó fìdí kalẹ̀ sínú ẹran ara wa jọ, tí a pín wọn sọ́nà mẹ́wàá, ẹ̀dọ̀ nìkan yóò mú ọ̀nà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Inú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀jẹ̀ ń fara kàn wọ́n bó ṣe ń ṣàn lọ, bí bakitéríà bá sì wà nínú rẹ̀, kì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí wọ́n á fi mú un.

Karl Wilhelm von Kupffer, onímọ̀ ẹ̀yà ara tó jẹ́ ará Jámánì, ni wọ́n fi sọrí. Ní 1876, ó fi èròjà tí wọ́n fi góòlù ṣe kun ẹ̀dọ̀, ó rí sẹ́ẹ̀lì tó ya ẹ̀ka bí ìràwọ̀, ó sì kọ̀wé nípa wọn. Ní 1898, Tadeusz Browicz ní Kraków, ní ilẹ̀ Poland, ló ṣàlàyé bó ṣe yẹ irú sẹ́ẹ̀lì tí àwọn tó ń gbé nǹkan mì wọ̀nyí jẹ́. Ìwádìí ìgbà tó yá wá fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì mìíràn pátápátá ni Kupffer rí ní 1876, èyí tó ń kó fítámì A pamọ́. Ẹnì kan ṣiṣẹ́, wọ́n fi ẹlòmíràn jẹ oyè, ó sì ti pẹ́ jù láti tún un ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sẹ́ẹ̀lì ìràwọ̀ yìí sọ́kàn, torí ọwọ́ rẹ̀ ni àpá inú ẹ̀dọ̀ ti ń wá.

Ọmọ onílé ni sẹ́ẹ̀lì Kupffer. Kí a tó bí wa ni wọ́n ti tẹ̀dó sínú ẹ̀dọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bí síi. Àwọn àlejò wà pẹ̀lú: neutrophil àti monocyte, tí ara ń ṣe nínú mùdùnmúdùn eegun, tí wọ́n ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn kiri, tí wọ́n sì ń yà wọlé bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì ààbò mìíràn ṣì kù tí n kò ní dárúkọ, torí bí a bá ní ká kà wọ́n tán, ilẹ̀ á ṣú. Bí onílé àti àlejò ṣe ń bá ara wọn lò lẹ́yìn ìfarapa ló kàn wá.

Ká sọ pé ẹnì kan gbé paracetamol tó pọ̀ jù mì. Bó bá jẹ́ ìwọ̀n tó yẹ ló lò, ẹ̀dọ̀ á so púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́ èròjà mìíràn, á sì lé e jáde sínú ìtọ̀. Díẹ̀ ló ń di májèlé kan tí wọ́n ń pè ní NAPQI, èròjà glutathione tó wà nínú ẹ̀dọ̀ sì ń tètè pa oró rẹ̀. Bí oògùn bá ti pọ̀ jù, glutathione á tán. NAPQI á wá lẹ̀ mọ́ mitochondria, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń rí agbára, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Títí dé ibi tí a dé yìí, kòkòrò àrùn kankan kò lọ́wọ́ sí i. Ohun tó jẹ́ kí àwọn olùwádìí fẹ́ràn láti máa fi í ṣe ìdánwò lára eku nìyẹn: ìfarapa ni, kò lábùlà.

Sẹ́ẹ̀lì tó kú báyìí kì í kú ní ìrọ̀rùn. Ara rẹ̀ máa ń bẹ́, ohun inú rẹ̀ á sì dà síta: ATP, prótéènì HMGB1, àti ègé DNA tó yẹ kó wà nínú mitochondria. Bí wọ́n bá ti wà níta, àmì ewu ni wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì Kupffer ní èròjà lára tó fi ń mọ irú àmì bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni TLR4, tó tún ń fi dá bakitéríà mọ̀. Bó bá ti mọ̀ ọ́n, á tú oríṣiríṣi kẹ́míkà ìpè sínú ẹ̀jẹ̀: TNF, interleukin-1, interleukin-6, CCL2. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí gan-an ló ń pe monocyte.

Neutrophil ló ń kọ́kọ́ dé, láàárín wákàtí mélòó kan. Ní 2010, Paul Kubes àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Calgary, ní Kánádà, wo ẹ̀dọ̀ eku tó wà láàyè lábẹ́ maikirosikóòpù. Wọ́n fojú ara wọn rí i bí neutrophil ṣe ń rá gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti kú, tí wọ́n ń tẹ̀ lé àmì tó wà lójú ọ̀nà. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń di ẹ̀bi ru neutrophil, pé bó bá dé, kì í mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè, gbogbo rẹ̀ ló ń jó mọ́ra wọn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2017, àwọn olùwádìí kan náà fi hàn pé neutrophil ń tú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti bàjẹ́ palẹ̀, ó ń la ọ̀nà fún tuntun, àti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kú síbi iṣẹ́. Wọ́n ń padà sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń gba ẹ̀dọ̀fóró kọjá, wọ́n sì ń lọ kú sínú mùdùnmúdùn eegun tí wọ́n ti wá.

Lẹ́yìn wọn ni monocyte ń rọ́ dé. Pẹ̀lú ìbínú ni wọ́n fi ń wọlé, wọ́n ń tú TNF síi, wíwú á sì le síi. Bí wọ́n bá ti jẹ òkú sẹ́ẹ̀lì yó, ìwà wọn á yí padà. Kẹ́míkà tó ń dáná wíwú á dín kù lọ́dọ̀ wọn, èyí tó ń pa á àti èyí tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tuntun dàgbà á pọ̀ síi. Lára eku tí wọ́n fún ní paracetamol, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni ìyípadà yìí ń ṣẹlẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó wá jà lánàá ló ń gbálẹ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Kupffer onílé máa ń ṣòfò nínú rògbòdìyàn ìbẹ̀rẹ̀, àwọn monocyte kan á sì gba ipò wọn, wọ́n á di Kupffer, wọ́n á máa gbé ibẹ̀. Àlejò ti di onílé.

Ṣé sẹ́ẹ̀lì Kupffer ń ṣe ẹ̀dọ̀ lóore àbí ó ń ṣe é níbi? Àwọn olùwádìí ti bá ara wọn jiyàn lórí èyí gan-an. Ní 1995, ìwádìí kan fi kẹ́míkà dá Kupffer dúró lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó fún ẹran ìdánwò ní paracetamol. Ẹ̀dọ̀ kò bàjẹ́ tó bí wọ́n ṣe retí. Ní 2002, ìwádìí mìíràn pa wọ́n run pátápátá lára eku, ẹ̀dọ̀ sì bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì rí òótọ́. Dídá sẹ́ẹ̀lì dúró lẹ́nu iṣẹ́ kan kò dà bíi kí a pa á rẹ́, àkókò tí a sì fi ọwọ́ kàn án ṣe pàtàkì.

Ọ̀rọ̀ àkókò yìí ni ìwádìí kan ní Edinburgh là mọ́lẹ̀ ní 2005. Àwọn onímọ̀ náà lo eku tí wọ́n lè pa macrophage inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá wù wọ́n. Wọ́n ń fi kẹ́míkà pa ẹ̀dọ̀ náà lára léraléra títí àpá fi hù níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa macrophage lákòókò tí ìfarapa ń lọ lọ́wọ́, àpá dín kù. Nígbà tí wọ́n dá ìfarapa dúró, tí wọ́n wá pa macrophage lákòókò tí ẹ̀dọ̀ ń gbìyànjú láti yá, àpá kọ̀, kò lọ. Irú sẹ́ẹ̀lì kan náà, iṣẹ́ méjì tó takora, ìgbà ló yà wọ́n. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun ni mo kà sí ìdáhùn tó já gaara jù.

Ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Bí a bá gé ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀dọ̀ eku kúrò, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ló ń gbà kó tún padà tó bó ṣe tó. Ní 1996 àti 1997, àwọn onímọ̀ ṣe é lára eku tí kò ní interleukin-6, àti lára eku tí kò lè gbọ́ ìpè TNF. Ẹ̀dọ̀ wọn kò hù bó ṣe yẹ. TNF àti interleukin-6 tó ń dá ibà àti ìrora sílẹ̀ náà ni ẹ̀dọ̀ ń gbọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù.

Àwọn ènìyàn ti fi ojú ara wọn rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá dédé pa ìpè náà lẹ́nu mọ́. Ọtí àmujù lè mú kí ẹ̀dọ̀ wú lójijì débi tí ẹ̀mí fi lè bọ́, TNF sì máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ó wá bọ́gbọ́n mu láti rò pé oògùn tó ń dènà TNF á gbà wọ́n là. Wọ́n dán an wò ní ilẹ̀ Faransé, èsì rẹ̀ jáde ní 2004: wọ́n ní láti dá ìdánwò náà dúró nítorí àkóràn tó le tó ń bá àwọn tó gba oògùn náà. Ní Amẹ́ríkà, èsì irú rẹ̀ mìíràn jáde ní 2008: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tó kú nínú àwọn tó gba oògùn pọ̀ ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ìrònú tó dùn ún gbọ́ létí ni, ṣùgbọ́n ara kò gbà á.

Ẹ̀dọ̀ tún ń gbọ́ ìró ìfarapa tó ṣẹlẹ̀ níbi tó jìnnà sí i. Bí ọkọ̀ bá gbá ènìyàn lójú ọ̀nà A13 tó gba Barking àti Dagenham kọjá, tí ìpalára náà sì pọ̀, Royal London ní Whitechapel ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ, ọ̀kan nínú ilé ìwòsàn mẹ́rin tí wọ́n yàn fún ìfarapa ńlá ní London ní 2010. Egungun itan lè ti ṣẹ́ kí ohunkóhun má ṣe ẹ̀dọ̀ rárá, síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì ibà á ti dé, ọkàn á máa lù kìkì, bí ẹni pé kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 2010 kan náà, àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà ṣàlàyé ìdí kan. Ẹran ara tó fọ́ ń da mitochondria sínú ẹ̀jẹ̀. Láti ìran bakitéríà àtijọ́ ni mitochondria ti ṣẹ̀ wá, nítorí náà ara ń rí i bíi bakitéríà, ó sì ń bá a jà bẹ́ẹ̀. Irú pàǹtí bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí àwọn macrophage inú ẹ̀dọ̀ ń sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Bí interleukin-6 bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ fúnra wọn, tí kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì ààbò rárá, á yí iṣẹ́ padà. Wọ́n á dín àwọn prótéènì kan kù, wọ́n á sì máa ṣe fibrinogen tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, àti CRP. William Tillett àti Thomas Francis ló ṣàwárí CRP ní New York ní 1930, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń bá jà. Wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ìfarapa ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ní nǹkan bí ọjọ́ kejì ló ń dé góńgó.

Mo ń sọ èyí nítorí àwọn èsì ẹ̀jẹ̀ tí a ń rí lórí NHS App báyìí kí jíípì, ìyẹn dókítà àdúgbò, tó pè wá. Ẹni tó bá rí i pé CRP òun ga á ní ẹ̀dọ̀ òun ti bàjẹ́, torí wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. CRP tó ga ń sọ pé ẹ̀dọ̀ ti gbọ́ pé nǹkan ń ṣe ara níbì kan: eyín lè ni, eékún lè ni, iṣẹ́ abẹ lè ni. ALT ló ń sọ pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ fúnra wọn ń jò, torí inú wọn ló yẹ kó wà. Ẹni tí ALT rẹ̀ ga ni kó béèrè lọ́wọ́ dókítà pé kí ló ń pa ẹ̀dọ̀ òun lára.

Ìkọlù lè bá ẹ̀dọ̀ náà tààrà o. Bẹ́líìtì ọkọ̀ lè tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lè gún ọmọdé ní ìhà ọ̀tún nígbà tó bá ṣubú. Ní àtijọ́, wọ́n máa ń tètè la ikùn. Lónìí, bí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bá ti dúró déédéé, wọ́n sábà máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n á máa ṣọ́ ọ, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀ fún ara láti tún ṣe. Ó sì ń ṣe é. Ọmọ tí kẹ̀kẹ́ bá gún báyìí, tí ikùn bá ń dùn ún tàbí tí èjìká ọ̀tún bá ń ro ó, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má fi òróró ra á.

Ìfarapa ẹ̀ẹ̀kan ni gbogbo èyí. Èyí tó ń pa àwa ènìyàn ni èyí tó ń dé lójoojúmọ́ láìsí ariwo. Ọtí ń sọ ara ìfun di jíjò, oró bakitéríà ń gba ibẹ̀ dé ẹ̀dọ̀, Kupffer ń gbọ́ ọ, ó ń pè, àwọn àlejò ń dé, kí wọ́n tó gbálẹ̀ tán, ìgò mìíràn ti ṣí. Ọ̀rá tó kún ẹ̀dọ̀ nítorí ara sísan àti àtọ̀gbẹ ń ṣe irú rẹ̀. Nínú ìdààmú tí kò dópin yìí ni sẹ́ẹ̀lì ìràwọ̀ ti ń gba àṣẹ. Á da fítámì A nù, á yí ara padà, á máa hun okùn kọ́lájìn láàárín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Àpá á mú àpá, ẹ̀dọ̀ á le gbagidi, ẹ̀jẹ̀ kò ní rọ́nà gbà mọ́. Bí a bá tètè mú ohun tó ń fa ìfarapa kúrò, sẹ́ẹ̀lì ìràwọ̀ púpọ̀ á kú tàbí kí wọ́n sinmi, macrophage á sì jẹ díẹ̀ nínú àpá náà kúrò.

Ọ̀rọ̀ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú B ló yẹ kó ká wa lára jù níbí. Ní ètò ìkànìyàn 2021, àwọn olùgbé Barking àti Dagenham lé ní 218,000, àwa aláwọ̀ dúdú sì lé ní ìdá kan nínú márùn-ún wọn. Ní Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba ti 2018 fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn 8 nínú 100 láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló ní kòkòrò tó ń fà á lára. Kòkòrò náà fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Ó lè jókòó sínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ènìyàn máa jẹ, kó máa mu, kó máa jó lóde ìnáwó. Sẹ́ẹ̀lì ààbò tó ń wá a kiri ló ń pa sẹ́ẹ̀lì tó bá bá a níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí àpá fi pọ̀ tàbí tí jẹjẹrẹ fi dé. Oògùn wà tó ń tẹ kòkòrò náà rì kí ìjà náà lè rọlẹ̀. Àjẹsára náà wà: láti 2004 ni wọ́n ti ń fún ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà, láti 2017 ní Britain. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àgbàlagbà tí wọ́n bí ní ilé ṣáájú 2004, tí kò wá a gbà fúnra rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má gbà á rí.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní London ní oṣù Kẹrin 2022. Àgbàlagbà tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ka pàjáwìrì, wọ́n á fi díẹ̀ nínú rẹ̀ yẹ HIV àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti C wò, àyàfi bó bá sọ pé òun ò fẹ́. Ilé ìwòsàn Queen's ní Romford àti King George ní Goodmayes ni àwọn ará àdúgbò wa sábà máa ń lọ. Àwọn kan á ní àwọn ò fẹ́, pé ẹ̀sùn ni. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti fà tẹ́lẹ̀ ni o; mímọ̀ rẹ̀ kò ní mú kòkòrò wọ inú ẹni tí kò ní in.

Àwọn tó ń ta àgbo tàbí tíì fún fífọ ẹ̀dọ̀ kò ní fẹ́ràn ohun tó kàn yìí. Kò sí ìdọ̀tí kan tó jókòó sínú ẹ̀dọ̀ tó ń dúró de ẹni tí yóò wá fọ̀ ọ́. Ẹ ti rí àwọn tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. N kò bú ewé. Ewé ni wọ́n fi wo ọ̀pọ̀ wa dàgbà. Ṣùgbọ́n àwọn ewé kan wà tó ń pa ẹ̀dọ̀ lára, èyí tí wọ́n sì fi ọtí líle rẹ ń gbé oró tirẹ̀ dání, ẹ̀dọ̀ tó ti ń wú tẹ́lẹ̀ kò sì nílò ìyẹn. Ìwádìí gidi ń lọ lọ́wọ́. Ní Edinburgh, wọ́n fa monocyte láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti kún fún àpá, wọ́n sọ ọ́ di macrophage nínú láábù, wọ́n sì dá a padà sí wọn lára. Èsì àkọ́kọ́ tó jáde ní 2019 lórí ènìyàn 9 fi hàn pé kò pa wọ́n lára. Ìwádìí ni ṣá, kò tíì di ìtọ́jú tí jíípì lè kọ fún ni.

Ti paracetamol kò gba ìwádìí kankan mọ́. Láti 1998 ni òfin ti sọ pé ilé ìtajà lásán ní Britain kò gbọ́dọ̀ ta páálí tó ní ju hóró 16 lọ, ilé oògùn kò sì gbọ́dọ̀ ta ju 32. Ní ọdún 11 tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣírò pé ikú tó dín kù ní England àti Wales nítorí òfin yìí tó 765. Àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ lo ju hóró mẹ́jọ tó jẹ́ 500 mílígíráàmù lọ láàárín wákàtí 24, wákàtí mẹ́rin ó kéré tán sì gbọ́dọ̀ wà láàárín lílò kan sí èkejì. Ẹni tí ara rẹ̀ kò tó kílò 50, tàbí tó ń mutí gan-an, kó béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn iye tirẹ̀. Ẹ ka ara páálí dáadáa, torí paracetamol wà nínú Lemsip, ó wà nínú Night Nurse, ó wà nínú co-codamol. Ẹni tó lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lálẹ́ kan nítorí ọ̀fìnkìn ti lo paracetamol lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e mì jù, yálà ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni tàbí ó ṣèèṣì, ẹ má wò ó pé ara rẹ̀ le. Ara rẹ̀ lè le fún odindi ọjọ́ kan, kí ẹ̀dọ̀ tó dẹnu kọlẹ̀ ní ọjọ́ kẹta tàbí kẹrin. Ẹ má fún un lépo mu, ẹ má dúró de kí ojú pọ́n, ẹ má sì fi ìbáwí ṣáájú. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ mú páálí oògùn náà dání. Acetylcysteine ni oògùn tó ń pa oró náà, ó ń dá glutathione padà fún ẹ̀dọ̀, bó bá sì wọ ara láàárín wákàtí mẹ́jọ tí wọ́n gbé paracetamol náà mì, ẹ̀dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má fara pa rárá.